Ògiri Tí Wọ́n Ń Gbé Dìde

Bíríkìlà tiwa a máa to búlọ́ọ̀kù léra ni. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ilé ìkẹ́rùsí ńlá kò ní búlọ́ọ̀kù kankan lára: ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti ń da odindi ògiri, kéréènì á wá gbé e nàró. Kì í ṣe àṣà tuntun o. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Robert Aiken ti ń ṣe é ní Illinois ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá; nígbà tó di 1914, Irving Gill ti fi irú rẹ̀ kọ́ ilé ẹgbẹ́ obìnrin La Jolla, ní California.

Èyí tó wù mí jù ni ti òde òní, tó ń dènà ooru. Wọ́n á kọ́kọ́ fín oògùn tí kì í jẹ́ kí kọnkéré lẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n á da kọnkéré, wọ́n á tẹ́ fóòmù líle lé e, wọ́n á tún da kọnkéré sórí rẹ̀, bíi búrẹ́dì tí a há ẹyin sí láàárín. Ohun tó so kọnkéré méjèèjì pọ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà: bó bá jẹ́ irin, ooru á gba ara irin kọjá, iṣẹ́ fóòmù á sì dínkù. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń lo ìdè fiberglass.

Ìwúwo ńkọ́? Kọnkéré lásán tó ga, tó gùn, tó sì fẹ̀ ní mítà kọ̀ọ̀kan wúwo tó nǹkan bíi kílò 2,400. Bí wọ́n bá fi òkúta shale tí iná ti mú wú rọ́pò òkúta wẹ́wẹ́, ó lè wálẹ̀ sí nǹkan bí 1,800. Ara á tu kéréènì díẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀pá irin ni yóò máa ti ògiri náà dúró títí òrùlé yóò fi dì í mú.