Ìpín Nínú Iṣẹ́ Ìtọ́jú Arúgbó
Púpọ̀ nínú wa ní ìlú Òyìnbó ni ó ń fi ìtọ́jú arúgbó ṣiṣẹ́ jẹ. Nísinsìnyí a ń gbèrò àtira ìpín nínú irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí Southern Cross. Ní 2006 ni ìpín rẹ̀ dé ọjà Lọ́ńdọ̀nù. Arúgbó tí ó ń tọ́jú ju 30,000 lọ, ṣùgbọ́n inú ilé onílé ni wọ́n wà. Owó ilé ń gòkè; owó tí ìjọba ìbílẹ̀ ń san kò bá a gòkè. Ní 2011 ó wó, àwọn tí ó ra ìpín sì pàdánù. Nítorí náà, kí a tó ka èrè, kí a bèèrè ẹni tí ó ni ilé àti ẹni tí ń san owó ìtọ́jú. Kí a fi ojú ara wa wo ìwé ìṣirò wọn: ojú olójú kò jọ ojú ẹni.