Ìyá Tí Oyún Wálẹ̀ Lára Rẹ̀ Nílò Ìsinmi

Bí oyún bá wálẹ̀ lára obìnrin, a máa ń ṣàdúrà pé Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò. Àdúrà dára, àmọ́ ìyá náà nílò ìsinmi. Bí ó bá jẹ́ òṣìṣẹ́, òfin wà fún un: Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà, abala 16, ní kí a san owó òṣìṣẹ́ tó ń ṣàìsàn títí dé ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún, bí dókítà bá kọ̀wé sí i. Abala 54 kò gba ọ̀gá láyè láti lé obìnrin tí dókítà jẹ́rìí pé àìsàn oyún ló dá a dúró sílé. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ bá a gba ìwé dókítà, kí ẹ sì mú ìwé náà dé ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ ṣàánú.