Ǹjẹ́ Ipò tí A Bí Ọmọ Sí Ni Í Fún Un Ní Ìwà?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa, ní Òkè Mápó)



Ọ̀ràn kan ń bẹ tí kò yọ agbo ilé kan sílẹ̀, láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba. Bí ọmọ bá gbọ́n, a ó ní àkọ́bí ni. Bí ó bá ya ìyàkuyà, a ó ní àbíkẹ́hìn ni, wọ́n ti kẹ́ ẹ bàjẹ́.

Ọjọ́ pẹ́ tí àwa Yorùbá ti ń fi ipò ìbí sọ ọmọ lórúkọ. Táíwò ni ó kọ́kọ́ jáde, síbẹ̀ Kẹ́hìndé ni a kà sí ẹ̀gbọ́n, nítorí a gbà pé òun ni ó rán Táíwò kí ó lọ tọ́ ayé wò. Ti Ìdòwú tí a bí tẹ̀ lé wọn ni ó burú jù: kò tíì dá ọmú mú tí a ti ń pè é ní olóríkunkun. Bí ó bá sunkún, a ní Ìdòwú ni. Bí Àlàbá, àbúrò rẹ̀, bá sun irú ẹkún kan náà, a ní ebi ń pa á. Ìdájọ́ wo nìyẹn?

Àwọn onímọ̀ ti wádìí rẹ̀. Ní 2015, a tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ènìyàn tí ó ju 20,000 lọ ní Jámánì, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Ìyàtọ̀ tí wọ́n rí láàrin ìwà àkọ́bí àti ti àbúrò kò tó nǹkan. Ti Norway ní 2007 ni ó yà wá lẹ́nu jù. Wọ́n dán ọgbọ́n àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ju 240,000 lọ wò, àkọ́bí sì fi díẹ̀ ta àwọn àbúrò yọ. Ṣùgbọ́n ọmọ kejì tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú ní kékeré ṣe dáadáa bí àkọ́bí. A jẹ́ pé ipò tí a fi ọmọ sí nínú ilé ni ó ṣiṣẹ́, kì í ṣe ọjọ́ ìbí rẹ̀.

Ó yẹ kí èyí yé Ìbàdàn ju ìlú mìíràn lọ. A kì í fi àkọ́bí jẹ Olúbàdàn. Ìdílé ní í yan mọ́gàjí, yóò sì máa gun àkàsọ̀ oyè lọ ní ìhà Ọ̀tún tàbí ti Balógun. Síbẹ̀, nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, tí Kúrunmí ti Ìjàyè kọ̀ pé Àrẹ̀mọ Adélù kò gbọdọ̀ jọba, àwa ni a gbèjà Adélù, ogun náà sì di 1862. Àwa tí a kò fi àkọ́bí jẹ oyè ni a jagun nítorí àkọ́bí ẹlòmíràn!

Ohun tí ó ń dùn wá ni ọmọbìnrin àkọ́bí tí a mú kúrò nílé-ẹ̀kọ́ kí ó lè máa tajà san owó ilé-ìwé àwọn àbúrò rẹ̀. Bí ó bá dàgbà tí ojú rẹ̀ le, a ó ní bí àkọ́bí ti rí nìyẹn. Ẹrù tí a gbé rù ú ni, a wá ń pè é ní ìwà rẹ̀.

Nítorí náà ni a ṣe ń dá a lábàá pé kí ìwé ìbéèrè fún ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ wa má ṣe bi ọmọ mọ́ pé ìkéèló ni ìyá rẹ̀ bí i. Alága, ọwọ́ ìpàdé ni àbá náà wà.