Kí Ni Ó Ṣe Lẹ́yìn Ìkìlọ̀? Bí A Ṣe Lè Kọ́ Àwọn Ọmọ Wa Ní Èròjà Ìtàn
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òbí àti olùkọ́ ọmọdé sọ ní Kirikiri)

   

Ẹ ní kí n sọ bí a ṣe lè kọ́ àwọn ọmọ wa ní àwọn èròjà tí a fi ń hun ìtàn. Àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ ti fún àwọn èròjà náà lórúkọ ní èdè wa. Ẹ̀dá ìtàn ni àwọn tí ìtàn dá lé lórí. Ibùdó ìtàn ni ibi àti àkókò tí ó ti ṣẹlẹ̀. Àhunpọ̀ ìtàn ni bí ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣe ń bí òmíràn. Kókó ọ̀rọ̀ ni ohun tí ìtàn ń sọ nípa ayé. Ọmọ girama lè ka àwọn orúkọ wọ̀nyí lórí bí ẹni ń ka owó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí ó pa àlọ́ kan, "lẹ́yìn náà, lẹ́yìn náà" ni yóò máa wí, títí yóò fi já sí "ìtàn yìí kọ́ wa pé ojúkòkòrò kò dára". Ó mọ ìbẹ̀rẹ̀, ó mọ ìparí. Kò mọ ohun tí ó so wọ́n pọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí á mú lọ sílé lónìí: ìpinnu ẹ̀dá inú ìtàn ni oríkèé ìtàn. Ẹnìkan ń wá nǹkan. Wọ́n sọ ohun tí yóò ṣe fún un. Ó gbọ́, tàbí kò gbọ́. Ibẹ̀ ni ìtàn ti yí. Ẹni tí ó bá kọ́ ọmọ láti rí ibẹ̀ ti kọ́ ọ ní ìtàn.

Àwa ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ kò ní láti yá ìmọ̀ yìí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nínú ìwé rẹ̀ lórí lítíréṣọ̀ Ifá tí ó jáde ní 1976, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ṣàlàyé pé ẹsẹ Ifá lè ní apá mẹ́jọ: orúkọ awo tí ó dífá, ẹni tí a dífá fún, ìdí tí ó fi lọ dífá, ohun tí awo ní kí ó ṣe, bóyá ó ṣe é tàbí kò ṣe é, ohun tí ó wá ṣẹlẹ̀, bí ẹni náà ṣe yọ̀ tàbí bí ó ṣe kábàámọ̀, àti ẹ̀kọ́ tí ó kẹ́yìn. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀kọ́ ni ó kẹ́yìn. Ẹ sì kíyè sí apá karùn-ún, tí ó dúró ní àárín bí òpó ilé. Orí wà, àyànmọ́ wà, síbẹ̀ Ifá ṣì ń béèrè pé: ẹni náà fúnra rẹ̀ ńkọ́, kí ni ó ṣe?

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan nínú wa kò fẹ́ kí á sọ ẹsẹ Ifá di iṣẹ́ àmúrelé ọmọdé. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Ẹsẹ ní ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ ọ, lẹ́sẹ̀ olúwo sì ni ọmọ awo ti ń kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n a lè yá àlọ́ ní egungun tí ẹsẹ fi dúró, nítorí àlọ́ ni àwọn baba wa yà sọ́tọ̀ fún ọmọdé. Ẹni tí kò bá rántí àlọ́ mọ́ lè wá ìwé Adébóyè Babalọlá, Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá, tí ó jáde ní 1973.

Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀kan tí gbogbo wa mọ̀. Yánníbo, aya Ìjàpá, kò rí ọmọ bí. Ìjàpá tọ babaláwo lọ. Babaláwo se àsèjẹ, ó sì kìlọ̀ fún un pé Yánníbo nìkan ni kí ó jẹ ẹ́. Ìjàpá kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Lójú ọ̀nà, òórùn àsèjẹ náà kò jẹ́ kí Ìjàpá gbádùn. Ó ṣí i, ó tọ́ ọ wò, ó sì jẹ ẹ́ tán. Ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wú. Ó sáré padà lọ bá babaláwo, ó ń fi orin bẹ̀bẹ̀.

Bí ẹ bá pa á tán, ẹ má tíì béèrè ẹ̀kọ́ inú rẹ̀. Ìbéèrè márùn-ún ni kí ó ṣáájú.

Èkíní: ta ni? Ẹ má gba "Ìjàpá" nìkan. Yánníbo wà níbẹ̀, babaláwo náà wà níbẹ̀. Kí ọmọ sọ ìwà ẹnìkọ̀ọ̀kan, kí ó sì fi ohun tí ẹni náà ṣe gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Bí ó bá ní olóòótọ́ ni babaláwo, ẹ bi í pé níbo ni ó ti rí i.

Èkejì: níbo? Ọ̀nà tí ó wà láàárín ilé babaláwo àti ilé Ìjàpá ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Bí ilé méjèèjì bá fara kan ara wọn, àsèjẹ ìbá ti dé ọwọ́ Yánníbo kí òórùn rẹ̀ tó ṣe Ìjàpá ní nǹkan kan. Ẹ ní kí ọmọ gbé ìtàn náà wá sí Kirikiri: kí Ìjàpá wà nínú bọ́ọ̀sì, kí àwọn ọkọ̀ agbépo tò gbọọrọ níwájú, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá a dúró pẹ̀lú ìkòkò gbígbóná lórí itan. Ọmọ yóò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n yóò rí i pé ibi tí ènìyàn wà lè mú ìdánwò rẹ̀ le sí i.

Ẹ̀kẹta: kí ni ó ń wá? Ọmọ ni ó ń wá, kì í ṣe oúnjẹ. Ẹni tí ó bá di èyí mú ni yóò mọ ohun tí ó sọnù nígbà tí Ìjàpá jẹun yó.

Ẹ̀kẹrin: kí ni wọ́n sọ fún un, kí sì ni ó ṣe? Ibí ni kí ẹ ti pẹ́ jù lọ. Ẹ dá ìtàn dúró kí ó tó ṣí ìkòkò, kí ẹ béèrè ohun mìíràn tí ó lè ṣe. Ó lè jẹun kí ó tó kúrò nílé. Ó lè mú Yánníbo lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ babaláwo. Ó lè sáré. Ọmọ tí ó bá rí ọ̀nà mẹ́ta tí Ìjàpá kò gbà ti lóye àhunpọ̀ ìtàn ju ẹni tí ó há ìtumọ̀ rẹ̀ sórí lọ.

Ẹ̀karùn-ún: ta ni ó ń sọ ọ́? Nínú orin ẹ̀bẹ̀ Ìjàpá, kò jẹ́wọ́ pé òun jẹ àsèjẹ. Ó ní gbòǹgbò ni ó gbé òun ṣubú, pé ọwọ́ òun kan ọbẹ̀, òun sì fi ọwọ́ náà kan ẹnu. Ìtàn méjì ni ó wà níbẹ̀: èyí tí apàlọ́ sọ fún wa, àti èyí tí Ìjàpá ń sọ fún babaláwo. Kí ọmọ fi wọ́n wéra. Èwo ni ó gbà gbọ́? Kí ni Ìjàpá ń wá lọ́wọ́ olùgbọ́ rẹ̀ tí ó fi sọ ọ́ báyẹn?

Ẹ̀yin òbí, ìbéèrè karùn-ún yìí ṣe pàtàkì fún àwa ju ẹlòmíràn lọ. Àwọn ọmọ wa ń rí babaláwo nínú fíìmù: aṣọ pupa, agbárí òkú, ẹ̀rín burúkú. Ọmọ tí kò mọ̀ pé gbogbo ìtàn ni ó ní ẹni tí ń sọ ọ́ yóò gbà pé baba òun ni ó ń wò yẹn. Bí a bá pa tẹlifíṣọ̀n, yóò rí i lórí fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ohun tí yóò gbà á ni kí ó lè béèrè pé: ta ni ó sọ ìtàn yìí? Kí ni babaláwo inú rẹ̀ ń wá? Ta ni wọn kò jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀?

Kí á má sì bẹ̀rù bí ó bá bi ìtàn tiwa náà ní ìbéèrè kan náà. Bí a ṣe sábà máa ń pa àlọ́ yìí, a kì í gbọ́ ohùn Yánníbo. Bí ọmọbìnrin yín bá béèrè ohun tí Yánníbo wí, ẹ má pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ ní kí ó fi kún un.

Àdúgbò yìí fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí. Láti 1955 tí ọgbà ẹ̀wọ̀n ti wà níbí, bí ẹnìkan bá dárúkọ Kirikiri ní Ìbàdàn tàbí ní Kánò, ẹ̀wọ̀n ni olùgbọ́ ń rí. Kì í rí ìyá tí ń tajà, kì í rí ọmọ iléèwé. Àwọn ọmọ tí ń dàgbà níbí ti mọ bí ó ti ń rí kí ẹlòmíràn máa sọ ìtàn ẹni. Bí wọ́n bá ti lóye àlọ́ Ìjàpá tán, ẹ ní kí wọ́n fi ìbéèrè márààrún pìtàn àdúgbò wọn.

Ní Ajégúnlẹ̀ àti Apápá, ọmọ Yorùbá, Ìgbò, Ìjọ, Ùróbò àti Haúsá ń ṣeré pọ̀. Ẹ má lé ọmọ aládùúgbò kúrò nídìí àlọ́. Àwọn Ìgbò ní Mbe, ìjàpá tiwọn. Àwọn Haúsá ní Gizo, aláǹtakùn. Bí ọmọ bá fi pijin dáhùn lákọ̀ọ́kọ́, ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ sì dá a lóhùn ní Yorùbá. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2018 ti sọ kíkọ́ Yorùbá di dandan ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àti ti aládàáni. Ó dára. Ṣùgbọ́n òfin kì í pàlọ́. Ẹnu ìyá àti baba ni àlọ́ ti ń jáde.

Nítorí náà, àlọ́ kan lọ́sẹ̀ ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè márùn-ún, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá bi ọmọ pé: kí ni o rí kọ́? Èyí tí yóò sọ lè yàtọ̀ sí èyí tí ẹ ti mọ̀ láti kékeré. Ẹ jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán.

Kí Ẹlẹ́rìí Ìpín má jẹ́ kí ẹlòmíràn bá àwọn ọmọ wa pa ìtàn ara wọn. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ. Àṣẹ.