Oko Ńlá, Oko Etílé

[Ìró: ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ń kùn, ohùn àwọn obìnrin lábẹ́ rẹ̀. Ìró náà rọlẹ̀.]

ATỌ́KÙN: Ẹ̀rọ tí ẹ ń gbọ́ yẹn, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń rin. Àgbẹ̀ tó bá ní irú rẹ̀ lẹ́bàá oko ti bọ́ lọ́wọ́ ìdààmú ńlá kan.

Nàìjíríà ló ń pèsè ẹ̀gẹ́ jù lọ lágbàáyé, àwọn àgbẹ̀ tí oko wọn kò tóbi ló sì ń gbin èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí a bá wà á lónìí, tó bá fi máa di ọjọ́ kejì sí ìkẹta, inú rẹ̀ ti ń dúdú. Ó tún wúwo, nítorí ohun tó ju ìdajì ẹ̀gẹ́ tútù lọ, omi ni. Ẹni tó bá dì í sínú ọkọ̀ láti oko ọ̀nà jíjìn, owó omi ló ń san fún awakọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi ń bó o nítòsí oko, tí wọ́n ń rin ín, tí wọ́n ń fún un, tí wọ́n sì ń yan án di gàrí. Omi ti lọ, ẹrù ti fúyẹ́, gàrí á sì wà fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ̀rọ kékeré kan ti sún oko mọ́ ọjà, ilẹ̀ kò sì kúrò níbi tó wà.

[Ìró: ọkọ́ ń kọ ebè.]

ATỌ́KÙN: Láyé àtijọ́, bí wọ́n bá fẹ́ mọ bí oko ẹnìkan ṣe tó, iye ebè ni wọ́n ń bi í. Igba ebè, igba lọ́nà mẹ́wàá. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi ń wọn ilẹ̀. Òye tó jinlẹ̀ wà nínú ìwọ̀n yẹn.

Ní 1962, Amartya Sen, onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ọmọ Íńdíà, kọ ọ́ pé ní ilẹ̀ wọn, ohun tí éékà kan ń mú jáde lóko kékeré sábà máa ń pọ̀ ju ti oko ńlá lọ. Ìdílé ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọn kì í ka wákàtí. Àmọ́ ká má tan ara wa: bí a bá pín ìkórè náà fún gbogbo ẹni tó làágùn sí i, ohun tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan kì í pọ̀. Katakata ló yẹ kó gba ọkọ́ lọ́wọ́ wọn, ẹni tó ní hẹ́kítà kan péré kì í sì í rí i háyà bọ̀rọ̀. Epo tí yóò jó kó tó dé ibẹ̀ ti fẹ́ ju owó iṣẹ́ lọ. Ká tún wá ní àwọn ọmọ ti pín ilẹ̀ bàbá wọn sí mẹ́fà, èyí wà níhìn-ín, ìyẹn wà lódìkejì odò. Ṣùgbọ́n níbi tí àwọn tí ààlà wọn fara kanra bá ti gbọ́ra wọn yé, katakata kan lè túlẹ̀ fún gbogbo wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ibi tí oko wà ńkọ́? Àwọn baba wa ní oko etílé, wọ́n sì ní oko ọ̀nà jíjìn. Etílé ni ẹ̀fọ́ àti ata wà. Ọ̀nà jíjìn ni iṣu àti kòkó wà. Ní 1826, Johann von Thünen, onílẹ̀ àti àgbẹ̀ kan ní Jámánì, kọ ìwé lórí ètò tó jọ èyí: ohun tó ń tètè bàjẹ́ á sún mọ́ ìlú, ohun tó lè rìn á jìnnà sí i. Àwọn olóko ẹ̀fọ́ tó wà láàárín Èkó mọ̀ ọ́n dáadáa. Bẹ́ẹ̀dì wọn kò tóbi, tẹ̀tẹ̀ wọn kì í sì í ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ kó tó dé ọjà.

[Ìró: ọkọ̀ akẹ́rù ń jà nínú ẹrẹ̀.]

ATỌ́KÙN: Iṣu Ṣakí ní Òkè-Ògùn gbọ́dọ̀ rin ohun tó ju 150 kìlómítà lọ kó tó dé Bódìjà n'Ìbàdàn. Kì í ṣe títì ńlá ló máa ń pa olóko lára jù, bí kò ṣe ọ̀nà oko tó lọ já títì. Bí òjò bá ti bà á jẹ́, ọkọ̀ kì í wọ̀ ọ́ mọ́; ọ̀kadà ni yóò máa kó iṣu jáde díẹ̀díẹ̀. Alájàpá tó ń dúró létí títì ló sì ń dá iye tó fẹ́ rà á, torí ó mọ̀ pé olóko kò ní gbé e padà sílé.

Ilẹ̀ rẹpẹtẹ nìkan kò lè wo àrùn yìí. Ní nǹkan bí 2005, ìjọba ìpínlẹ̀ Kúwárà mú àgbẹ̀ aláwọ̀ funfun 13 láti Zimbabwe wá sí Ṣóńgà lẹ́bàá Odò Ọya, wọ́n sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 1,000 hẹ́kítà. Ilẹ̀ wà, omi wà, ìmọ̀ wà. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, ọ̀nà àti owó yíyá dá wọn lágara, àwọn kan nínú wọn sì fi ọ̀gbìn oúnjẹ sílẹ̀, wọ́n yà sídìí adìyẹ àti màlúù oníwàrà.

Ẹ̀yin gómìnà wa, ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ tó tún wó igbó ẹgbẹẹgbẹ̀rún hẹ́kítà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ọ̀nà tó lọ sí àwọn oko tó ti wà nílẹ̀. Ẹ bá wa tún un ṣe kí òjò tó ń bọ̀ tó dé.

[Ìró: ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ padà wá. Orin ìparí.]