Ẹ Má Dá Ayọ̀ Dúró De Ìdáhùn Àdúrà

Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ló ti dá ayọ̀ dúró: ó di ìgbà tí ọmọ bá dé, tí iṣẹ́ bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́, tí ilé bá parí. Àwọn mìíràn tilẹ̀ gbà pé ojú líle ni àmì ìwà mímọ́. Èrò méjèèjì kò bá Bíbélì mu.

Ẹ ka ìwé Nehemáyà, orí kẹjọ. Àwọn tó ti ìgbèkùn Bábílónì dé péjọ síwájú Ẹnubodè Omi ní Jerúsálẹ́mù, Ẹ́sírà àlùfáà sì ka Òfin sí wọn létí láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán gangan, ni gbogbo wọn bá bú sẹ́kún. Ẹkún ìrònúpìwàdà ni, ẹ ó rò pé àwọn aṣáájú wọn yóò yìn wọ́n. Rárá o. Àwọn aṣáájú náà ní kí àwọn èèyàn má sunkún mọ́, kí wọ́n lọ jẹ ọlọ́ràá, kí wọ́n mu ohun dídùn, kí wọ́n sì bu ránṣẹ́ sí ẹni tí kò ní nǹkan kan nílẹ̀. Ṣé nǹkan ti wá rọ̀ ṣọ̀mù fún wọn ni? Odi ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, ọ̀pọ̀ ilé ṣì wà ní àwókù. Ní orí kẹsàn-án, àwọn fúnra wọn sọ pé ọba àjèjì ló ń jẹ èrè ilẹ̀ àwọn. Inú ìnira yẹn gan-an ni àṣẹ ayọ̀ ti dé.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ta ni ebi ń pa tí yóò máa yọ̀? Ìbéèrè gidi ni, pàápàá fún ẹni tó ń wọn gàrí ní kọ́ńgò kan ṣoṣo fún odindi ìdílé. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé wọn kò wàásù fún ẹni tí ebi ń pa; oúnjẹ ni wọ́n ní kí a gbé lọ bá a. Ayọ̀ tí a dá jẹ kò tíì pé. Kò sì béèrè kánópì, kò béèrè aṣọ ẹbí, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé ká yáwó ṣe ìdúpẹ́.

Ọ̀ràn ọ̀fọ̀ ńkọ́? Jésù sunkún lójú ọ̀nà ibojì Lásárù ọ̀rẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé òun máa jí i. Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Fílípì láti inú ẹ̀wọ̀n, ìwé tí ọ̀rọ̀ ayọ̀ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Nínú ìwé yẹn kan náà ló ti sọ pé Ẹpafiródítù alábàáṣiṣẹ́ òun ṣàìsàn dé ojú ikú, àti pé ká ní ó kú ni, ìbànújẹ́ ì bá gorí ìbànújẹ́ fún òun. Kò fi ayọ̀ bo ìrora mọ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yé sọ fún opó pé bó bá ní ìgbàgbọ́, kò ní sunkún. Ẹ jẹ́ kó sun ún, kí ẹ sì jókòó tì í.

Lálẹ́ òní, kí ẹ tó dé ìkòkò ọbẹ̀ yín, ẹ wo ilé tí wọn kò dáná sí ládùúgbò yín. Ẹ bu tiwọn, ẹ gbé e lọ fúnra yín, kí ẹ sì bá wọn jẹun tí wọ́n bá gbà yín láyè.