Àìsàn Inú Ẹ̀jẹ̀ Tí A Ń Pè Ní Àbíkú



Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti ní Òṣogbo, ta ni kò mọ irú orúkọ wọ̀nyí: Málọmọ́, Dúrójayé, Bánjókòó? Ẹ̀bẹ̀ òbí tí ọmọ ti kú mọ́ lọ́wọ́ ni wọ́n. Àwọn àgbà ìgbàanì ṣàkíyèsí pé ikú a máa padà wá sí ilé kan náà, a sì máa mú ọmọ tẹ̀lé ọmọ. Òtítọ́ ni ohun tí ojú wọn rí. Ohun tí wọn kò ní ni ẹ̀rọ tí a fi ń wo inú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà ni àbíkú ṣe sọ olóògùn di èké.

Lóòótọ́, ibà àti èéyi náà pa púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n àrùn kan wà tí a ń bí mọ́ ọmọ, tí a ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ní 1910, Dókítà James Herrick ti ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa akẹ́kọ̀ọ́ kan láti erékùṣù Grenada, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bí dòjé dípò kí ó rí roboto.

Ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni ọmọ ti ń jogún rẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ AS, ara wọn lè le koko. Síbẹ̀, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ yóò jẹ́ SS. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ni ó jẹ́ AS. Ìdí nìyí tí àrùn náà fi ń padà sí ilé kan náà. Kì í ṣe ọmọ kan ṣoṣo ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀.

Ohun tí ó ń tan òbí jẹ ni pé àìsàn yìí kì í tètè hàn. Ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ gbé ti inú oyún wá ń dáàbò bò ó fún oṣù díẹ̀. Nígbà tí ó bá tó bí oṣù mẹ́fà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lè wú, ojú rẹ̀ lè pọ́n bí ti oníbà pọ́njú, ẹ̀jẹ̀ sì lè gbẹ lára rẹ̀. Nígbà náà ni a óò wí pé ayé ti ṣe é.

Ní 1956, Dókítà David Morley dé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ó ṣètò ibi ìtọ́jú fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. A ń wọn ọmọ déédéé níbẹ̀, ìyá a sì mú káàdì ìwọ̀n náà lọ sílé. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè ni ó kọ́ ọgbọ́n yìí: kí a máa ṣọ́ ọmọ kí àìsàn tó gbé e ṣánlẹ̀. Ọmọ SS ni irú ìṣọ́ yìí tọ́ sí jùlọ.

Kí a gbé ọmọ tí ara rẹ̀ kì í dá lọ sí ilé ìwòsàn ní Iléṣà tàbí ní Òṣogbo fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá jẹ́ SS, kí ó máa lo oògùn tí dókítà bá fún un lójoojúmọ́, kí ó máa sùn nínú àpò ẹ̀fọn, kí ó gba gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí ó máa mu omi dáadáa, kí òtútù má sì mú un. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá funfun, tàbí bí ikùn rẹ̀ lápá òsì bá wú lójijì, kí a má ṣe dúró di ọ̀la. Gbẹ́rẹ́ kò lè yí ẹ̀jẹ̀ padà; ojú ọgbẹ́ ni àrùn mìíràn máa ń gbà wọlé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ mọ irú ẹ̀jẹ̀ yín kí ẹ tó tọrọ ìyàwó. Àìsàn ni a ń wò, a kì í wo ikú.